Omi Tí Ẹ̀rọ Fọ̀

Èmi kì í fi Yorùbá ṣeré. Ẹni tó bá mọ̀ mí níbi iṣẹ́ á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí ẹnìkan bá wọ ọ́fíìsì wa, tó ní, "Gúdú mọ́níìnì mà, mo wá sọ́bímíìtì páálí wa," màá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, màá ní, "Ṣé ìyá tó bí ọ kò kọ́ ọ ní ẹ káàárọ̀ ni?" Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tí mo fi ọdún bíi mélòó kan jù lọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló sọ mí ní Ìyá Olùkọ́. Ó ní bí ìjọba bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, kí n lọ máa ka ìròyìn lórí rédíò. Mo máa ń ṣe bí ẹni tínú ń bí, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, pàṣán ni bàbá mi fi kọ́ wa ní Yorùbá, mo sì gbà pé kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ sọ láyé yìí tí Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa ṣọ́ àwọn iṣẹ́ omi ńláńlá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fa omi wọ ìlú, tàbí tó fẹ́ kó omi ẹ̀gbin ìlú jáde, kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ títí a ó fi wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní: ibi tí páìpù máa gbà, ibi tí omi máa já sí, àti ilẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Àwọn tó ń gbé ibi tí páìpù máa gbà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ ní èdè tó yé wọn, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà. Láìsí ìyẹn, a kì í fọwọ́ sí i. Mo ti fi òfin yìí dá ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu dídùn padà sílé wọn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ti omi ẹ̀gbin ni. Ẹ mọ bí Àgbádárìgì ṣe ń fẹ̀. Ilé ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì bí olú, òtẹ́ẹ̀lì ń yọ létí ọ̀sà, kò sì sí ilé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sókàwéè, kòtò tó ń gba ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ń kún. Bí òjò bá ti rọ̀, ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ a gòkè wá kí wa káàárọ̀, títí kan àdúgbò témi náà ń gbé. Ni ilé-iṣẹ́ kan bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ibi ńlá kan tí gbogbo omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú á máa dà sí. Ẹ̀rọ á máa fọ̀ ọ́, á máa yọ ẹ̀gbin inú rẹ̀, omi tó bá ṣẹ́kù á sì gba inú páìpù kọjá lábẹ́ ọ̀sà, á la orí iyanrìn kọjá, á lọ já sínú òkun. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ìlú nílò rẹ̀. Àmọ́ lórí iyanrìn yẹn, kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Gberefu, abúlé kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ọ̀sà wà níwájú wọn, òkun wà lẹ́yìn wọn, àgbọn ló wà láàárín. Apẹja ni wọ́n. Ègùn ni èdè wọn.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ lọ bá wọn ṣèpàdé, wọ́n sì mú fídíò rẹ̀ wá hàn wá. Háà! Ọkùnrin kan ló wọ kóòtù nínú oòrùn etí òkun, tó ń da Gẹ̀ẹ́sì bo àwọn apẹja lórí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Àwọn kan ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí pé ó dákẹ́ ni. Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àga. Mo ní ìpàdé yìí kò kà. Mo bi ọkùnrin náà, tó jókòó níwájú wa, pé, "Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn? Ara yín?" Ọ̀gá wa ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwa fúnra wa lọ ṣe ìpàdé mìíràn, kí n sì jẹ́ ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Mo ní kò burú. Mo ní wọ́n á gbọ́ Yorùbá tó jíire.

Ẹnìkejì mi ló kọ́kọ́ kọminú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó gbọ́ Ègùn dání."

"Ègùn ti jẹ́? Ta ni kò gbọ́ Yorùbá ní Àgbádárìgì? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi tajà fún mi ní ọjà Agbalata ni?"

"Yorùbá ọjà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kí ni iye ẹja, ẹ fi èènì sí i. Èyí tí ẹ fẹ́ lọ sọ yìí kì í ṣe ẹja o."

Mo ní kó dákẹ́ jàre. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kọjá sọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ wa ṣe ń gúnlẹ̀ ni àwọn obìnrin kan ń já kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀ látinú ọkọ̀ mìíràn. Omi kànga wọn níyọ̀. Láti ìlú ni wọ́n ti ń ra omi tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e kọjá ọ̀sà. Mo rí i. Ojú mi rí i kedere, mo sì kí wọn kú làálàá. Wọ́n dáhùn pé "Mì kuabọ," wọ́n ń kí wa káàbọ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ ti kó àwọn èèyàn jọ sábẹ́ àtíbàbà. Gbogbo abúlé ló jáde.

Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi kó lè yé yín. Nílé wa, èèyàn kì í dìde níwájú arúgbó kó máa dárúkọ ìgbẹ́. Bó bá di dandan, wàá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, wàá wá fọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìn ilé. Ọ̀gá wa náà sì ti kì mí nílọ̀ pé kì í tún ṣe ẹ̀gbin mọ́ tí ẹ̀rọ bá ti fọ̀ ọ́, omi ni. Mo pa méjèèjì pọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi.

Ohun tí mo sọ nìyí: "Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀rọ ńlá kan ń bọ̀ ní Àgbádárìgì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa fọ omi. Omi tí ẹ̀rọ bá ti fọ̀, tó ti mọ́, inú páìpù ló máa gbà. Ó máa gba abẹ́ ọ̀sà, á sì dé ọ̀dọ̀ yín níbí."

Mo fẹ́ ní kó máa lọ sínú òkun. Mo tilẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ ariwo ti sọ. Ọ̀rọ̀ Ègùn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wí ni "osin", ìyẹn omi, òun náà ni wọ́n sì ń pè. Osin! Osin! Ìyá kan ń lu itan. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn èèyàn yìí mà lóye o.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó bi mí pé, "Màdáámù, omi yẹn, ṣé gbogbo ọjọ́ ló máa wá?"

Mo ní, "Tọ̀sán-tòru ni, Baálẹ̀. Kò ní dáwọ́ dúró."

"Ṣé a máa san owó?"

"Ẹ ò ní san kọ́bọ̀." Mo sì fi kún un, nítorí pé mo fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, pé, "Kò sì ní rùn rárá."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú mi, ọkàn wọn ló balẹ̀.

Màmá kan wá dìde. Ó ti dàgbà, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ọgbà àgbọn tó wà lójú ọ̀nà páìpù, tiẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbìn ín, òróró tó ń fún lára àgbọn náà ló sì fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ ti lọ. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe wá. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ fún un sílẹ̀: pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan igi rẹ̀ láìsan owó gbà-má-bínú, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò gbà.

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Màdáámù, àgbọn kò lè dí omi lọ́nà. Kó kọjá. Kó kọjá!"

Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ná, owó yín wà níbẹ̀ o."

Ó mirí. "Èèyàn gba owó lọ́wọ́ omi? Ó tì o."

Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo wo ẹnìkejì mi bí ẹni tó ń wí pé, ṣé o rí i? Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fi àgbọn kún inú ọkọ̀ wa. Nígbà tí ọ̀gá wa rí fídíò tiwa tí ẹnìkejì mi yà, ó pe gbogbo ọ́fíìsì jọ kí wọ́n wá wò ó. Ó ní bí ìpàdé aráàlú ṣe yẹ kó máa rí nìyí. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ku kí a fẹsẹ̀ rin ọ̀nà páìpù náà pẹ̀lú ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ yẹn kí a tó fọwọ́ sí ìwé wọn. Àwa mẹ́ta la wọkọ̀. Bí a ṣe ń kúrò ní èbúté, ọlọ́kọ̀ wa tẹríba fún mi. "Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́ omi o. Ọlọ́run á fún yín lérè." Mo ní àmín.

Ní abúlé, wọ́n ti rí wa lókèèrè. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n bẹ́ orí àgbọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbọn tútù, tó dùn. A mu ún tán, a tún gba òmíràn. Lẹ́yìn náà ni baálẹ̀ àti màmá náà ṣáájú wa lọ sẹ́yìn ilé, ibi tí ọ̀nà páìpù wà.

Ọgbà àgbọn kò sí mọ́.

Kùkùté ló kù. Kùkùté láti ẹ̀yìn ilé títí dé ibi tí a ti ń rí òkun. Wọ́n ti wọ́ igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbá ilẹ̀ mọ́, ọ̀nà náà tọ́ gbọọrọ. Ẹnjiníà ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Baálẹ̀ ló ṣàlàyé, tayọ̀tayọ̀, pé gbogbo abúlé ló pawọ́ pọ̀ gé e, tọkùnrin-tobìnrin. Ó ní ìjọba máa ń pẹ́, àwọn sì mọ̀ pé bí ọ̀nà bá ti là sílẹ̀, omi á tètè dé. Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àdá kan igi àkọ́kọ́. Ó nàka síbẹ̀ fún mi kí n lè rí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa wo ohun tí wọ́n kọ́ sí àárín abúlé. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n ṣe ibi tí èèyàn máa gbé kẹ́ẹ̀gì lé, wọ́n sì ti ri ẹnu ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn, èyí tí à ń yí kí omi tó dà. Ó ń dán. Kò so mọ́ nǹkan kan.

Ẹnìkejì mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó súnmọ́ mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rò pé omi ẹ̀rọ ni."

Ta ni kò mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ni Yorùbá ń pe omi tó ń ti ẹnu páìpù jáde nínú ilé? Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń fi Yorùbá yangàn, mo dúró níwájú àwọn tí òùngbẹ omi ń gbẹ, mo mú omi, mo mú ẹ̀rọ, mo mú páìpù, mo tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu, n kò sì gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Gbogbo ìbéèrè wọn bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé gbogbo ọjọ́ ló máa wá? Ṣé a máa san owó? Kò sì ní rùn, ni mo ní. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé omi ẹ̀rọ ń rùn? Abájọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n máa ń wí, èmi sì máa ń rò pé àsọdùn ni.

Ẹnjiníà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Màdáámù, wọ́n ti gbà. Fídíò wà. Wọ́n tilẹ̀ ti bá wa la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, a máa bá wọn gbẹ́ kànga kan tó bá yá, inú wọn á dùn." Mo rò ó. Màá parọ́ bí mo bá ní n kò rò ó. Mo wo ibi tí ọkọ̀ wa wà. Bí mo bá bọ́ sínú ọkọ̀ yẹn láìsọ nǹkan kan, ọjọ́ tí páìpù bá dé ni wọ́n á mọ̀, èmi kò sì ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ló tún wá dójú tì mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé ọkàn mi rí ọkọ̀ kó tó rí wọn.

Màmá ló gbà mí lọ́wọ́ èrò yẹn. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni omi dé?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Àṣà burúkú kì í kúrò lára, ẹ̀yìn ilé náà ni mo tún fẹ́ gbà. Mo ní, "Màmá, omi tí mo wí lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èyí tí èèyàn lè mu."

Ó ronú sí i. "Kò burú. A máa fi fọ aṣọ."

"Kì í ṣe ti fífọṣọ náà, mà."

"A máa fi wẹ̀."

"Rárá, màmá." Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wá ọ̀rọ̀ títí nínú Yorùbá bàbá mi, mo wá omi ẹ̀gbin, mo wá omi ìdọ̀tí, mo rí i lójú wọn pé kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo wá la ẹnu, ohun tí mo máa ń torí rẹ̀ bú àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì ló jáde. Mo ní, "Omi sókàwéè ni. Sókàwéè gbogbo ìlú. Ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, àmọ́ sókàwéè ni. Òkun ló ń lọ. Ibí ló fẹ́ gbà kọjá."

Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan sọ ọ́ ní Ègùn fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Obìnrin kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà tó wo ojú mi, ó dákẹ́. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ọ̀kan tu itọ́ sílẹ̀ níwájú ẹnjiníà. Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́. Kò bú mi. Ì bá bú mi! Ó kàn ní, "Ẹ máa lọ, Màdáámù. Ilẹ̀ ti ń ṣú." Ilẹ̀ kò ṣú, ọ̀sán gangan ni.

Màmá kò pariwo. Ó yíjú sí ibi tí kùkùté wà, ó ní, "Àgbọn mi ńkọ́?" Kò dún bí ìbínú. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá béèrè ohun tó gbàgbé ibi tó gbé e sí. A ti mu omi àgbọn náà tán.

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì, mo bá ọ̀gá wa, mo ní ìpàdé wa kò kà. Mo ní ohun tí mo torí rẹ̀ fagi lé ti ilé-iṣẹ́ yẹn, òun gan-an la ṣe, tiwa tilẹ̀ burú jù, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀gá wa bínú. Ó ní ṣé mo fẹ́ kó lọ sọ fún àwọn ọ̀gá tiẹ̀ pé fídíò tó fi ń yangàn, irọ́ ni? Mo ní kì í ṣe irọ́, sà, ṣùgbọ́n kò yé wọn, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ yé wọn. Ó ní, "Ìwọ náà lo máa dúró sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn." Mo sì dúró sọ ọ́. Àwọn tí mo ti bú nítorí Yorùbá wọn jókòó níwájú mi, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín. Ì bá tù mí lára bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Ìpàdé kẹta, obìnrin olùkọ́ kan láti Topo, ní òdìkejì ọ̀sà, ló sọ ọ́. Ègùn ni wọ́n bí i sí. Kó tó dìde ó bi mí lóhùn kẹ́lẹ́ pé kí ni nǹkan náà gan-an, mo sọ fún un, ó ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ?" Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ mú kí àwọn àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu, àwọn obìnrin ń ti ara wọn. Ó ti dárúkọ ìgbẹ́ níwájú baálẹ̀, ayé kò sì bàjẹ́. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n béèrè ohun gbogbo tó yẹ ní bíbéèrè: ti ẹja, ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ti páìpù tó bá bẹ́ lábẹ́ ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà gbé ọwọ́ sókè, kò sí ọwọ́ kankan. A dá ìwé ilé-iṣẹ́ náà padà, a ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn.

Òfin ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ta ló máa san àgbọn? Ilé-iṣẹ́ ní àwọn kọ́ làwọn gé e, òótọ́ sì ni. Ìjọba ní kò sí ìwé tó ní kí ẹnikẹ́ni gé igi, òótọ́ sì ni. Èmi àti ẹnìkejì mi ra ọmọ igi àgbọn, a gbé e sínú ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sí ibòji. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àgbọn ṣe máa ń pẹ́ kó tó so, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó dàgbà tó màmá yẹn ló ń gbìn ín fún ara rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé ń túká lọ́jọ́ náà, màmá dìde. Ègùn ló sọ, ó sì pẹ́ lórí ìdúró. Mo gbọ́ "Màdáámù" nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó tó, kó bú mi, kó ṣépè bó bá fẹ́, mo yẹ fún un. Olùkọ́ náà dúró títí màmá fi parí, ó wá yíjú sí mi.

Ó ní, "Màmá ní kí ẹ dárí ji àwọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n bá yín wí níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, Yorùbá àwọn kò tó, àwọn lọ gbọ́ ohun tí ẹ ò sọ. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn tó ń lọ iléèwé ti ń kọ́ àwọn ní Yorùbá báyìí, pé bí ìjọba bá tún wá, àwọn á gbọ́."

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Yorùbá wọn kò lábùkù kankan. Ẹ sọ fún wọn pé tèmi ni kò tó. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n sọ."

Olùkọ́ wò mí. "Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sọ ọ́. Màmá tẹ́tí sí i, ó mirí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọmọdé ń parọ́ fún nítorí ìfẹ́. Ó fèsì, kò gùn. Àwọn tó wà nítòsí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Olùkọ́ náà ní, "Wọ́n ní ó tì o. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ Yorùbá sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dùn tó bí tiyín ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn."